Ihò Òṣùpá

Ẹ ti fura, òótọ́ sì lẹ fura sí: kì í ṣe nítorí àṣà ni Ọláṣùpọ̀ ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn. Ọkùnrin tó bá fi odidi ọdún kan jókòó ti kọ̀mpútà nítorí pátákó eré ọmọdé, tó wá ń sọ fáráyé pé ogún àwọn baba wa lòun ń gbà là lọ́wọ́ ìparun, ohun mìíràn wà tó ń wá. Ohun tí Ọláṣùpọ̀ ń wá kò sì fara sin. Ó fẹ́ kí ayé gbọ́ pé ọwọ́ òun dára.

Bàbá rẹ̀ ló ṣe pátákó náà. Abdulganiyy lorúkọ bàbá náà, káfíńtà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá tẹ̀dó sí Ìkọ̀tún nígbà tí igbó ibẹ̀ ṣì pọ̀ ju ilé lọ. Ó mú pákó kan tó tóbi tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó gé orí rẹ̀ roboto bíi ti wàláà, ó gbẹ́ ihò sí i lára, ó gbá ìṣó yí àwọn ihò náà ká bí ọgbà, ó sì fi sípíríǹgì tó yọ nínú àga àtijọ́ ṣe ọ̀pá kan sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Tí èèyàn bá fa ọ̀pá náà tó sì fi í sílẹ̀, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń yọ nínú bẹ́árìn, á sáré gòkè gba ẹ̀gbẹ́ pátákó, á yí po lókè, á sì máa ta gbọ̀ngbọ̀n láàrin ìṣó bọ̀ wá sílẹ̀. Ihò tó bá kó sí ló máa sọ ohun tí èèyàn jẹ. Bísíkíìtì wà, fèrè aláfẹ́fẹ́ wà. Láàrin gbùngbùn ni ọba gbogbo ihò wà, tí Bàbá fi ọ̀dà pupa-rúsúrúsú kùn yíká. Òṣùpá ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ta bọ́ọ̀lù wọ Òṣùpá, aago ọwọ́ tó ń dán ló máa gbé lọ sílé. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá wọ ibì kankan, inú gọ́tà ìsàlẹ̀ ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa já sí, á sì máa lọ.

Pátákó oníṣòó ni gbogbo ọmọ Ìkọ̀tún mọ̀ ọ́n sí. Ní ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yídì ni Bàbá máa ń gbé e sí, àwọn ọmọ tó wọ aṣọ tuntun á sì tò dé ojú títì. Lẹ́yìn tí Ọláṣùpọ̀ kàwé tán ló tó mọ̀ pé àwọn Òyìnbó náà ní irú rẹ̀ láyé àtijọ́, pé bágátẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é, pé òun sì ni baba ńlá pínbọ́ọ̀lù oníná tí wọ́n ń ta nínú sinimá. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tó lè bá a jókòó kó má gbọ́ nípa bágátẹ́ẹ̀lì.

Ṣùgbọ́n bágátẹ́ẹ̀lì kàn jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni. Ìtàn ló wà nínú ilé.

Ìtàn náà rèé, bí Ọláṣùpọ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ní ọdún tí òun parí ìwé mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, Sìkírátù, ti ka ìwé mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdìrì. Iṣẹ́ dà rú mọ́ Bàbá lọ́wọ́, kò lágbára ọmọ méjì nílé ìwé mọ́. Bàbá sì jẹ́ olódodo. Ó ní òun kò lè yan ọmọ kan lé ọmọ kan, kí Ọlọ́run yàn. Ó gbé pátákó oníṣòó jáde sí àárín àgbàlá, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ta bọ́ọ̀lù kan péré. Ẹni tí tirẹ̀ bá wọ Òṣùpá ni yóò máa lọ sí ilé ìwé. Ọláṣùpọ̀ ló kọ́kọ́ ta. Ó wọlé. Sìkírátù ta tirẹ̀. Ó gbá ìṣó tó wà lẹ́nu Òṣùpá, ó ta sẹ́yìn, ó já sí gọ́tà. Bí Ọláṣùpọ̀ ṣe di ẹni tó ń kọ́ni ní kọ̀mpútà nílé ẹ̀kọ́ gíga nìyẹn, bí Sìkírátù náà ṣe di ẹni tó gba ìsọ̀ àbúrò bàbá wọn lọ láti máa ta abọ́ nìyẹn.

Ibi tó bá dé báyìí ló máa ń na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. “Ẹ wo ọwọ́ yìí dáadáa,” á wí. Ó ti na ọwọ́ náà sókè níbi ìsọmọlórúkọ. Ó ti nà án sókè níbi tí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣèpàdé lórí omi tí kò yọ. Ó ti nà án lójú òkú àna rẹ̀, a dúpẹ́ pé ìmáàmù tètè bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mardiyah ìyàwó rẹ̀ mọ ibi tí yóò ti dánu dúró kó mí kanlẹ̀, á sì ti kó àwo kúrò níwájú àlejò kí ọwọ́ náà tó dìde.

Nígbà tó wá rí àwọn èèyàn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà káàkiri ayé, tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n mú pátákó bágátẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kí wọ́n sì sọ ọ́ di pínbọ́ọ̀lù inú kọ̀mpútà, Ọláṣùpọ̀ mọ̀ pé wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nítorí òun ni. Ó wọ mọ́tò láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin, níbi tí Sìkírátù kọ́lé sí, tí pátákó náà wà nínú sítóò rẹ̀ tí wọ́n fi ẹní àtijọ́ wé. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gun àpótí, ó ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè. Ó fi rúlà wọn àyè tó wà láàrin ìṣó kan àti èkejì, ó wọn ìjìnnà ihò sí ihò, ó gba ohùn bọ́ọ̀lù sílẹ̀ sínú fóònù bó ṣe ń gbá ìṣó. Ó wọn gbogbo ojú pátákó pátá.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò wò. Bàbá ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé láti ìgbà ọmọdé wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dojú pátákó náà dé, nítorí oríire inú rẹ̀ á dà nù. Ẹ má bínú sí Ọláṣùpọ̀. Ọ̀mọ̀wé ni. Kò pẹ́ sígbà náà tó kọ àròkọ gígùn kan tó fi bú àwọn tó ń bẹ̀rù èèwọ̀, pé àwọn ló ń fa ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó rọra gbé pátákó náà padà sínú ẹní bí ẹni gbé ìkókó, ojú rẹ̀ sókè.

Iṣẹ́ náà dára, ká má purọ́. Ó to ìṣó kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀ nínú kọ̀mpútà, ó ṣe é débi tí ọ̀dà Òṣùpá fi ṣí díẹ̀ lápá kan bí ti gidi ṣe ṣí. Nígbà tó parí, ó ní kí kọ̀mpútà máa dá ta bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Kọ̀mpútà ta, ó ta, ó ta. Bọ́ọ̀lù wọ ihò bísíkíìtì, ó wọ ihò fèrè, ó já sí gọ́tà títí. Kò wọ Òṣùpá lẹ́ẹ̀kan. Ìṣó kan dúró sẹ́nu Òṣùpá gan-an bí ọlọ́dẹ, ibi yòówù kí bọ́ọ̀lù gbà wá, ìṣó yẹn á lé e padà.

Ẹlòmíràn ì bá ní, ó dà bíi pé nǹkan kan wà lára pátákó yìí tí mi ò tíì rí. Ọláṣùpọ̀ ò ronú bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi pariwo pe ìyàwó rẹ̀.

“Mardiyah! Mardiyah, wá wo nǹkan! Kọ̀mpútà ò lè ṣe é!”

Mardiyah yọjú láti ìdí ààrò, ó mú ṣíbí ọbẹ̀ dání. “Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”

“Ó bàjẹ́ kẹ̀! Ohun tí ọwọ́ mi ṣe lẹ́ẹ̀kan péré, òun ni kọ̀mpútà ń gbìyànjú láti àárọ̀ tí kò lè ṣe. Kọ̀mpútà o!”

Mardiyah wo kọ̀mpútà, ó wo ọkọ rẹ̀. “Ẹ kú oríire,” ó wí. “Iyọ̀ ti tán o.”

Ọláṣùpọ̀ ṣe eré náà kó lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù pẹ̀lú, ó sì kọ ìtàn náà sí iwájú rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ta bọ́ọ̀lù lè kọ́kọ́ kà á: bàbá olódodo, ọmọ méjì, bọ́ọ̀lù kan kan, ọwọ́ tó dára. Ìbá fi mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní eré gbọ́dọ̀ lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá ṣe é pé nígbàkígbà tí bọ́ọ̀lù ẹnikẹ́ni bá já sí gọ́tà, fóònù á dún, ohùn Ọláṣùpọ̀ fúnra rẹ̀ á sì jáde, á ní: “Pẹ̀lẹ́ o, Sìkírá! Ọjà yá!”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ.

Eré náà tàn. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgándò, kò sí ilé tí ọmọdé wà tí wọn ò ti gbé e sórí fóònù. Bọ́ọ̀lù ò sì kúkú wọ Òṣùpá fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà, ohùn tí wọ́n ń gbọ́ ṣáá ni ohùn yẹn. Kò pẹ́ tó fi kúrò nínú fóònù. Ọmọ tó bá ṣubú lórí pápá, “Pẹ̀lẹ́ o, Sìkírá!” Ní ọjà Shasha, alábàárù kan jẹ́ kí àpò àlùbọ́sà bọ́ lórí rẹ̀, gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pohùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: “Ọjà yá!” Ọláṣùpọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó wá ra iṣu. Ó dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí olórin tó gbọ́ orin ara rẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Kò wá sí i lọ́kàn pé orúkọ náà ní ẹni tó ni ín, pé ẹni náà ń ta ọlọ́kan-ò-jọ̀kan abọ́ rọ́bà ní Ìkọ̀tún fún gbogbo Alímọ̀ṣọ́, àti pé kò sí ọjọ́ kan tí kì í gba àárín èrò kọjá.

Julius ló mú ìròyìn burúkú wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní gbọ̀ngán ìpàtẹ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni Julius, ó fẹ́ pàtẹ àwọn eré àtijọ́, ó sì ti bá ẹgbẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn sọ̀rọ̀ kí wọ́n bá òun fọwọ́ sí i. Iwájú gbọ̀ngán, níbi tí ojú á ti kọ́kọ́ bà á, ló ṣèlérí pé òun á gbé ti Ọláṣùpọ̀ sí. Ọláṣùpọ̀ ti ra fìlà tuntun sílẹ̀ dè é.

“Ọ̀gá, wọ́n ní àwọn máa yọ tiyín kúrò o,” Julius wí.

“Yọ kí ni? Ta ni?”

“Àwọn ẹgbẹ́, sà. Wọ́n ní kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó tíì ta bọ́ọ̀lù wọ Òṣùpá yín. Wọ́n ní kò sí ẹni tó máa ṣe pátákó kó wá gbẹ́ ihò tí bọ́ọ̀lù ò lè wọ̀. Pé nǹkan kan wà lára ti gidi tí kò sí nínú ti kọ̀mpútà.”

“Sọ fún wọn pé ẹnì kan ti ta á wọlé rí.”

“Mo sọ fún wọn, sà. Wọ́n ní ta ni.”

“Èmi ni! Ṣé wọn ò mọ̀wé kà ni? Mo kọ ọ́ síbẹ̀!”

“Wọ́n kà á, sà.” Julius fi ọwọ́ pa orí. “Ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ ní… ẹ má wulẹ̀ dá a lóhùn. Ó ní ó jọ pé ẹ ń pa àlọ́ ni.”

Ọ̀rọ̀ àlọ́ yẹn wọ Ọláṣùpọ̀ lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Tí wọ́n bá yọ eré náà, ó ti parí. Gbogbo ẹni tó ti nawọ́ sókè níwájú wọn rí ni yóò gbọ́ pé àwọn tó mọ̀ nípa bágátẹ́ẹ̀lì ní irọ́ ni.

“Kí ni wọ́n wá ń fẹ́?”

“Fọ́tò gbogbo ara pátákó, sà. Iwájú, ẹ̀gbẹ́, abẹ́. Òfin wọn ni. Ti iwájú nìkan lẹ fún wọn.”

“Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀. Pákó ni.”

“Ẹ jẹ́ ká wá ya pákó náà fún wọn jàre, sà, kí wọ́n lè panu mọ́.”

Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn méjèèjì dé Ìṣẹ̀rí-Olófin. Alhája Sìkírátù jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ tó tutù, ó ń pa àsálà jẹ sínú àwo kékeré kan. Obìnrin tó sanra níwọ̀nba ni, ìgò ojú rẹ̀ jẹ́ oníwúrà, ìdúró rẹ̀ sì jọ ti ẹni tí àwọn èèyàn ti ń bẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọláṣùpọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un, irú ìdọ̀bálẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, tí àyà kì í kanlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, ọlọ́wọ́ dáadáa,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Ta ni ẹ mú dání?”

“Àǹtí mi, ẹ má pè mí lẹ́ẹ̀yin jọ̀ọ́.”

“Ṣé mo wá lè máa pe ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ní ìwọ?”

Julius ti wà nílẹ̀ gbalaja. “Ẹ káàsán, mà. Julius lorúkọ mi.”

“Dìde, ọmọ mi. Ṣé ìwọ náà ti ta bọ́ọ̀lù nínú eré ọ̀gá ẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ṣé tìẹ wọ Òṣùpá?”

“Rárá o, mà.”

“Kí ló wá sọ fún ọ?”

Julius wo bàtà rẹ̀.

“Sọ ọ́ jàre, mi ò ní nà ọ́.”

“Ó ní… ó ní pẹ̀lẹ́ o, Sìkírá, mà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ó tún kù.”

“Ọjà yá, mà.”

“O ṣé. Jókòó. Jẹ àsálà.”

Ọláṣùpọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jìnnà. “Àǹtí mi, ṣebí eré lásán ni? Ẹ ò mọ eré mọ́ ni?”

“Ta ló mọ eré bíi tèmi, Láṣùpọ̀? Àwọn ọmọ ọmọ mi ló gbé e wá bá mi. Wọ́n ní, Màmá Àgbà, orúkọ yín wà nínú fóònù. Inú mi kọ́kọ́ dùn.” Ó pa àsálà kan, ó wò ó, ó bàjẹ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Oníbàárà mi kan láti Ìdímù rà lọ́wọ́ mi títí, bó ṣe ń lọ ló yíjú padà tó ní, Alhája, ọjà yá o. Kò mọ̀ pé èmi ni. Ó ń ṣàdúrà fún mi.”

“Màá yọ ọ́,” Ọláṣùpọ̀ wí kíákíá. “Lọ́la òde yìí. Ẹ kàn jẹ́ ká ya abẹ́ pátákó yẹn.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ àwo àsálà kalẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni ń wo ọjà tó fẹ́ sọ iye rẹ̀.

“Abẹ́ ẹ̀?”

“Wọ́n ní òfin ni.”

“Ẹ lọ gbé e.”

Àwọn ọkùnrin méjèèjì gbé pátákó náà jáde látinú sítóò, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì àárín pálọ̀. Julius tan iná fóònù. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọláṣùpọ̀ dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà létí pákó, kò gbé e.

“Ọ̀gá, ṣé ká yí i?”

“Dúró ná. Bàbá ní…”

“A mọ ohun tí Bàbá ní,” Sìkírátù wí. “Àbí kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́ pé àwọn tó ń bẹ̀rù èèwọ̀ ló ń fa ilẹ̀ yìí sẹ́yìn? Àbíkẹ́yìn mi kà á fún mi. Gírámà ẹ̀ dùn.”

“Ìyẹn yàtọ̀.”

“Báwo ló ṣe yàtọ̀?”

“Ti Bàbá nìyí, Àǹtí mi.”

Sìkírátù gbọn èèpo àsálà kúrò lára bùbá rẹ̀, ó dìde, ó rọra sún àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di etí pátákó náà mú. Bí ẹni yí àkàrà nínú epo ló ṣe dojú rẹ̀ dé. Eruku sọ. Òkú aáyán kan já sórí tábìlì.

Wáyà kan wà níbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìṣó tó wà lẹ́nu Òṣùpá. Wọn kò kàn án mọ́ pákó bíi ti àwọn yòókù. Inú ihò kékeré kan ló wà, sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ ló tì í dúró, wáyà sì so mọ́ ìdí rẹ̀. Wáyà yìí gba abẹ́ àwọn òrùka irin wẹ́wẹ́ kọjá, ó lọ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sì parí sí òrùka kan tó fara pamọ́ sábẹ́ etí pátákó, nítòsí ibi tí ọ̀pá ìtabọ́ọ̀lù wà. Julius ki ìka bọ inú òrùka náà, kò wọ̀ ju ìdajì lọ. Ó fà á. Wáyà dún wiin, ìṣó rì wọlé. Ó fi í sílẹ̀, ìṣó tún yọ síta.

“Yéè!” Julius bú sẹ́rìn-ín, ó ń fò lọ fò bọ̀. “Ọ̀gá! Ẹ wò ó, ó ṣì ń ṣiṣẹ́! Ẹni tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún! Ha, Bàbá yín gbọ́n o! Ohun tó sọnù nìyí, òun gan-an ni wọ́n ń wá. Kò sẹ́ni tó máa yọ yín kúrò mọ́, sà. Iwájú gbọ̀ngán ni. Iwájú gan-an!” Ó na fóònù sí i, ó ń ya á láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, ó ń fa wáyà, ó ń tú u sílẹ̀. Wiin. Wiin.

Ohun tí Ọláṣùpọ̀ ń wá láti ọjọ́ yìí ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́: àwọn tó mọ̀ nípa bágátẹ́ẹ̀lì máa gbà báyìí pé bọ́ọ̀lù lè wọ Òṣùpá. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kan àga, ó sì jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

“Ti àwọn oníbàárà nìyẹn,” ó wí. “Òwò ni. Aago ọwọ́ wọ́n, Bàbá ò lè máa fi tọrẹ fún gbogbo ọmọ tó bá wá sí yídì. Ó yé mi. Gbogbo oníṣòwò ló ní ọgbọ́n ẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

“Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa kì í ṣe òwò. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni. Bàbá ò jẹ́ ṣe é.”

Sìkírátù bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún.

“Wọn ò tiẹ̀ lè ṣe é!” Ọláṣùpọ̀ dìde, ohun kan ti yọ sí i lọ́kàn, ara rẹ̀ sì yá. “Mo rántí dáadáa. Ẹ̀yìn mi ni Bàbá dúró sí. Ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí mi, wọ́n ń ṣe bísímílà. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wà lórí ọmọ, èwo ló máa fi fa wáyà? Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sunkún. Kò sẹ́ni tó fa nǹkan kan, Àǹtí mi. Ó lè jẹ́ pé wáyà ti há lọ́jọ́ yẹn, ìṣó wà nísàlẹ̀ fún àwa méjèèjì. Ọwọ́ ló wá yàtọ̀.” Ó yíjú sí Julius. “Ọwọ́ ló yàtọ̀. Ṣé ò ń gbọ́ mi? Kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí wọn.”

Julius ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti sọ fóònù kalẹ̀.

“Láṣùpọ̀,” Sìkírátù wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, “ta ló máa ń pín bọ́ọ̀lù fáwọn ọmọ ní yídì?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Kí ni Bàbá máa ń ṣe?”

“Wọ́n máa ń gba owó. Wọ́n máa ń pe èrò.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi wà lọ́dọ̀ àwọn àáfà. Ẹ mọ̀ pé Bàbá kì í jẹ́ kí n sún mọ́ ọn.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.” Obìnrin náà jókòó padà, ó gbé àwo àsálà lé itan, kò pa ọ̀kankan. “Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Bàbá pè mí sẹ́yìn kànga. Wọ́n ní ọkùnrin ni ọ́, ilé ọkọ lèmi ń lọ. Wọ́n ní tí àwọn bá la ẹnu sọ ọ́ báyìí, Màmá ò ní gbà, ilé á dàrú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ló sọ ọ́, ta ló máa bá bọ́ọ̀lù jà? Wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n pè mí ní ìyá wọn. Wọ́n ní tí ó bá kan Ọláṣùpọ̀, kí n ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ kan jẹ aago.”

Ọláṣùpọ̀ sún mọ́ tábìlì.

“Ẹ ṣe é?”

“Mo ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pátákó ni mo dúró sí, bí o ṣe ta bọ́ọ̀lù tìẹ, mo fa òrùka yẹn.”

Ọkọ̀ kan kọjá níta, ó fun fèrè. Ọláṣùpọ̀ wo wáyà náà, ó wo òrùka kékeré tó wà lórí rẹ̀, ó sì wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tó máa dì mú.

“Tiyín wá ńkọ́?” ó wí. “Ẹ̀yin náà ta. Bọ́ọ̀lù tiyín, ẹ ta á.”

“Mo ta á,” Sìkírátù wí. “Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ta á. Ìka ọwọ́ òsì mi wà nínú òrùka yẹn. Mi ò fà á.”